Pákó Tó Ń Yọ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà ń wò yẹn ni ohun tó gbé e ṣubú wà. Ní Ìwó, bí òjò bá ti dá sílẹ̀, pákó ló sábà máa ń jẹ́: èyí tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù, tàbí èyí tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn sẹ́yìnkùlé.

Àwọn èèyàn á ní onítọ̀hún ò wolẹ̀. Ẹni tó ni pákó ló yẹ kí wọ́n bi.

Pákó tí oòrùn ò rí, tí omi ò sì gbẹ lójú rẹ̀, máa ń hu nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin. Ojú lè má rí i. Ẹ fi èékánná ha á wò: bí ó bá kó sábẹ́ èékánná, ibẹ̀ ti ń yọ̀ nìyẹn. Ìrókò àti àpá ò bọ́ níbẹ̀. Pé igi ò tètè jẹrà ò ní kó má yọ̀. Ní Lekki Conservation Centre tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, orí pákó ni àlejò ń gbà kọjá irà, lábẹ́ òjìji igi. Ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ò lè tó fún irú ibẹ̀.

Ewé tó rà sáàárín pákó méjì ló ń dá omi dúró. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ tọ́ ọ jáde. Kí wọ́n wá fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì líle gbo pákó náà, bí ìlà ara igi bá ṣe lọ. Hypo díẹ̀ nínú omi púpọ̀ á pa èyí tó kù, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má pò ó mọ́ Harpic o! Èéfín ibẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Fífọ̀ nìkan ò tó. Bí àwọn bíríkìlà bá gbé pákó dagun fún àwọn tó ń ru kọnkéré, wọ́n á kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè ríbi tẹ̀ ró. Ẹni tí ò bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ máa kọ lè kun ọ̀dà, kó wọ́n yanrìn gbígbẹ sí i kí ọ̀dà náà tó gbẹ.

Ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò, tí àwọn kan ń kùn sójú pákó nítorí ikán, ló burú jù. Ìyá àgbà tó ń gbé omi gbígbóná bọ̀ láti ìdí àdògán ni yóò jìyà rẹ̀.

Kí wọ́n sì wòkè: bí omi páànù bá ń ro sórí pákó náà, kí wọ́n darí rẹ̀ síbòmíràn kí òjò mìíràn tó rọ̀.