Ta ni Èso, Ta ni Ìyá?

Nínú ìjókòó wa kan ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Arákùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jọ́ọ̀sì dé gbé sitirọ́bẹ̀rì wá fún wa nínú ike kékeré. Òkè Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, ó sì tutù, ìdí nìyẹn tí irúgbìn ilẹ̀ òtútù yìí fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ni kò fi ẹnu kàn án rí. Bí a ti ń jẹ ẹ́ ni arábìnrin kan, tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní ilé-ìwé girama, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ohun tí ẹ ń jẹ yẹn kì í ṣe èso o. Ìyá èso ni."

A rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò ṣàwàdà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Láàárín òdòdó ni ilé kékeré kan wà tí ẹyin irúgbìn ń gbé. Bí lẹ́búlẹ́bú láti ara akọ bá ti kàn án, ilé náà a máa dàgbà, òun ni a sì ń pè ní èso. Báyìí ni ti mángòrò, báyìí ni ti tòmátì. Ṣùgbọ́n ti sitirọ́bẹ̀rì yàtọ̀. Àwọn tóótòòtóó tí ẹ ń rí ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí a rò pé kóró lásán ni, tí wọ́n lè tó 200 lára ẹyọ kan, ìkọ̀ọ̀kan wọn ni èso odindi, tí ó ní kóró tirẹ̀ nínú. Ẹran pupa tí ó dùn yẹn, ìdí òdòdó ni, ìjókòó tí òdòdó fi ṣe àga. Ara ìyá ni. Ó wú, ó pọ́n, ó kún fún omi dídùn, ó sì gbé àwọn ọmọ rẹ̀ sórí awọ ara rẹ̀ káàkiri.

Ápù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó gúnlẹ̀ sí Àpápá, tí àwọn ìyá wa ń tò sórí atẹ ní ọjà Boundary, mọ̀lẹ́bí sitirọ́bẹ̀rì ni, òdòdó róòsì náà sì wà nínú ìdílé kan náà. Ápù ń ṣe irú ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe. Ibi tí a ń gé jẹ, púpọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ ni ìdí òdòdó tí ó wú bo ọmọ mọ́lẹ̀. Èso gan-an ni àárín líle tí a ń jù nù. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e ní ìbú, ẹ ó rí yàrá márùn-ún tí ó tò bí ìràwọ̀. (Ẹ má ṣe fi píà tí a fi ń jẹ búrẹ́dì kún ìdílé yìí o. Píà ti àwọn òyìnbó ni mọ̀lẹ́bí ápù, tiwa kàn ń bá a jẹ́ orúkọ ni. Igi fúrúùtù tí a ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní Èkó náà kì í ṣe ìbátan álímọ́ńdì tòótọ́, bí àwọn òyìnbó tilẹ̀ fi orúkọ náà pè é.) Kajú kì í ṣe ará ilé wọn, ìdílé mángòrò ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà wọn jọ: kóró tí ó rọ̀ nísàlẹ̀ ni èso, igi ọrùn rẹ̀ tí ó wú ni a ń fà mu.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni ó ni ìyìn? Ìbéèrè yìí ni ó gbé oorun lọ lójú mi, nítorí mo ní ẹjọ́ tèmi nínú rẹ̀.

Ìyá mi ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó lórí atẹ ní Àpápá. Láti orí atẹ yẹn ni owó ilé-ìwé mi ti jáde. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọjá ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ìyá mi rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnìkan bi mí pé, "Ṣé o mọ ìyá yẹn ni?" Mo ní, "Ọwọ́ wọn la ti máa ń ra ọsàn." Wọ́n gbọ́. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n bó ọsàn mẹ́rin fún wa, wọ́n sì gba owó bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ọ̀dọ́ púpọ̀ nínú wa ni ó ń sọ pé, "Èmi ni mo sọ ara mi di ènìyàn." Mo bi àwọn ará léèrè bóyá irọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń pa. Arákùnrin kan tí ó fẹ́ràn àríyànjiyàn ní kì í ṣe irọ́. Ó ní ní 1950, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ J. P. Nitsch tẹ ìwádìí kan jáde: ó já àwọn èso tóótòòtóó wọ̀nyẹn kúrò lára sitirọ́bẹ̀rì tí ó ṣì kéré, ẹran náà sì dáwọ́ dídàgbà dúró. Níbi tí ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ sí, abẹ́ ẹyọ yẹn nìkan ni ó wú. Nígbà tí ó fi oògùn auxin dípò àwọn ọmọ, ẹran tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ọmọ ni ó ń ránṣẹ́ sí ìyá pé kí ó wú. "Ṣé ẹ rí i," ni arákùnrin wa wí, "láìsí ọmọ, kí ni ìyá ìbá jẹ́?"

Òótọ́ ni ó sọ, mo sì gbà pé akitiyan ọmọ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tí kò bá kàwé, owó atẹ kò lè kà á fún un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a rán kì í ṣe oúnjẹ. Ọmọ ọwọ́ a ké lóru, ọmú a sì sẹ̀. Ta ni ó jẹ́ pe igbe ní wàrà? Láti inú ewé àti gbòǹgbò ìyá ni ṣúgà yẹn ti wá.

Ìyá nìkan náà sì kọ́. Ní 1714 ni Amédée-François Frézier, ará Faransé, kó sitirọ́bẹ̀rì láti orílẹ̀-èdè Chile dé ilé. Márùn-ún péré ni kò kú sójú omi. Abo ni wọ́n, wọn kò sì so dáadáa, àfi ìgbà tí a gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú mìíràn tí ó ti Àríwá Amẹ́ríkà wá. Antoine Nicolas Duchesne ni ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ní 1766. Ọmọ àlejò méjì tí ó pàdé nílẹ̀ onílẹ̀ ni èyí tí gbogbo ayé ń jẹ lónìí. Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, láàárín Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo àti Ìgbò, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ìyá Urhobo kan ni ó san owó ìdánwò mi ní ọdún tí atẹ kò tà.

Arábìnrin kan tún bèèrè pé ìyá tí ó ń fi "mo lóyún rẹ" dí ọmọ lọ́wọ́ ìgbéyàwó tí kò ní àbùkù ń kọ́? Ìbéèrè tí ó yẹ ni. Sitirọ́bẹ̀rì a máa na okùn jáde, ọmọ a wà ní orí rẹ̀, ìyá a máa bọ́ ọ títí yóò fi ta gbòǹgbò; lẹ́yìn náà ni okùn yóò gbẹ. Ìyá tí kò jẹ́ kí okùn gbẹ ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n okùn tí ó gbẹ kò sọ pé a kò so wọ́n pọ̀ rí.

Ẹ mọ ìtàn ará Yemen tí ó pọn ìyá rẹ̀ yí Káàbà ká, tí ó bi Ibn Umar bóyá òun ti san án, tí wọ́n sì sọ fún un pé kò tíì san ti ìrora kan ṣoṣo. Àwọn kan gbọ́ ìyẹn, ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì. Èmi kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ọsàn mẹ́rin yẹn, owó kọ́ ni ìyá mi ń retí lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn kan ni: "Ìyá mi nìyí."

Ní ọjọ́ kejì ìjókòó wa, mo mú sitirọ́bẹ̀rì mẹ́ta tí ó kù lọ síbi atẹ. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n dìde, kí aṣọ mi má bàa dọ̀tí. Wọ́n jẹ ẹyọ kan, wọ́n ní ó kan díẹ̀. Wọ́n bèèrè bóyá ó lè dúró lórí atẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ní kò lè dúró.

Wọ́n ní, "A jẹ́ pé kì í ṣe ọjà oòrùn Àpápá nìyẹn."