Vivian Maier àti Ẹrù Fíìmù Rẹ̀

Ẹni tó bá ti kó ilé rí á mọ̀ pé àṣà tó ti mọ́ni lára máa ń tètè sọnù sínú ẹrù ju ṣíbí lọ. Ẹni tó ń ya fótò kan lójúmọ́ á dé ilé tuntun, kò ní rí ṣájà kámẹ́rà. Ó di ọ̀la. Lọ́la, káfíńtà á dé, oníwáyà iná á dé, lánlọ́ọ̀dù náà á fẹ́ rí i. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Báyìí ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe kú sáàárín ilé àtijọ́ àti ilé tuntun.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí le ju ìyẹn lọ, ìtàn òtítọ́ sì ni. Obìnrin tó ni ín kò fi fótò yíyà sílẹ̀ bó ti ń kó láti ilé kan sí òmíràn. Apá kejì iṣẹ́ náà ló ń sún síwájú, ó sún un, sún un, títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Vivian Maier ni orúkọ rẹ̀. New York ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1926. Ọmọ Faransé ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ wá láti Austria. Ó lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní abúlé ìyá rẹ̀ láàárín àwọn òkè Alps ní Faransé, ó padà sí New York ní 1951. Nígbà tó di 1956, iṣẹ́ olùtọ́jú ọmọ gbé e dé agbègbè Chicago. Ìdílé Gensburg ní Highland Park, létí ìlú náà, ló gbà á sílé pé kó máa bá àwọn tọ́jú ọmọkùnrin mẹ́ta.

Kámẹ́rà Rolleiflex ló ń lò nígbà náà. Wọn kì í gbé irú kámẹ́rà yẹn sójú. Ọrùn ni wọ́n ń gbé e kọ́, á dúró níwájú àyà, ẹni tó ń ya fótò á sì tẹrí ba wo dígí kékeré tó wà lókè rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń yà lè rò pé aṣọ ara rẹ̀ ló ń wò. Fótò méjìlá péré ni róòlù kan ń gbà. Vivian á kó àwọn ọmọ náà jáde, wọ́n á rìn títí, kámẹ́rà á máa mì lọ́rùn rẹ̀. Ó ya alágbe, ó ya ìyá olówó tó wọ aṣọ onírun ẹranko, ó ya ọmọ tí omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ya òjìji ara rẹ̀ lórí koríko, ó ya ara rẹ̀ nínú dígí ṣọ́ọ̀bù. Fótò tó kù lẹ́yìn rẹ̀ lé ní 100,000. Ẹ pín in sí ogójì ọdún, ẹ ó rí i pé ó tó bíi méje lójúmọ́, láìyọ ọjọ́ òjò àti ọjọ́ àìsàn sílẹ̀.

Ní ilé Gensburg, Vivian ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Ibẹ̀ ló sọ di yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fíìmù. Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ju fóònù lọ. Inú òkùnkùn biribiri ni wọ́n ti ń tú róòlù. Wọ́n á wé fíìmù náà, wọ́n á kì í sínú agolo tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Wọ́n á da oògùn àkọ́kọ́ sí i, òun ló ń mú kí àwòrán yọ. Wọ́n á dà á nù, wọ́n á da òmíràn sí i kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ba àwòrán náà jẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi ṣàn án dáadáa, wọ́n á gbé e kọ́ sórí okùn kó gbẹ. Ó gba omi ẹ̀rọ, ó gba ilẹ̀kùn tó ń tì, ó gba kí ẹnikẹ́ni má kanlẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Balùwẹ̀ tó jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo ní gbogbo rẹ̀.

Àwọn ọmọ Gensburg dàgbà. Ilé tí kò sí ọmọ kékeré níbẹ̀ mọ́ kò nílò olùtọ́jú ọmọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Vivian kó ẹrù rẹ̀ jáde, láti ìgbà náà ni kò sì ti fìdí múlẹ̀ síbì kan pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ń ti ọ̀dọ̀ ìdílé kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìdílé mìíràn. Ó tilẹ̀ gbé lọ́dọ̀ Phil Donahue, gbajúmọ̀ olóòtú ètò tẹlifíṣọ̀n nì, fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fún un ní yàrá ní gbogbo ibi tó lọ, àmọ́ balùwẹ̀ tó lè sọ di ibi iṣẹ́ kò sí mọ́.

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ilé tuntun ni ọ̀la tó dé. Ó yẹ kí Vivian jókòó, kó bi ara rẹ̀ léèrè pé, níbi tí mo wà yìí, báwo ni mo ṣe máa parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀? Ó lè dín iye fótò kù. Ó lè ya owó kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ilé tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, ó kéré tán fún díẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bó ti ń yà á ní Highland Park náà ló ń yà á lọ. Ó tilẹ̀ bọ́ sórí fíìmù aláwọ̀, ó ń lo kámẹ́rà Leica pẹ̀lú fíìmù Ektachrome. Róòlù ń pọ̀ sí i. Bí ọ̀kan bá kún, á ká a, á jù ú sínú páálí, á fi òmíràn sínú kámẹ́rà.

Fíìmù tí a ti yà tí a kò fọ̀ ò yàtọ̀ sí ata tí a ti lọ̀ tí a kò tíì gbé kaná. Àwòrán ti wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò sí ojú tó lè rí i, ooru, ọ̀rinrin àti ọjọ́ pípẹ́ sì ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni àwòrán ń ṣá, tí ohun kan bíi kùrukùru á máa bò ó. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún róòlù irú èyí ni Vivian ń kó kiri láti ilé kan sí èkejì. Òun tó yà wọ́n gan-an kò rí ohun tó wà nínú wọn.

Ẹrù náà wá di òkè. Bí Vivian bá dé ilé tuntun, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni kọ́kọ́rọ́ tó lè fi ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tò gègèrè nínú yàrá débi pé ọ̀nà tóóró ló kù láti dé ibùsùn. Ní àwọn ọdún 1980, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan gbà á síṣẹ́, nǹkan bíi 200 páálí ló bá a wọlé. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tí ẹ gbà pé kó wá tọ́jú ọmọ, tó kó igba páálí dé! Wọ́n fún un láyè kó kó o sí. Àmọ́ ìgbà wo ni ẹni tó ní igba páálí tó dì pa máa rántí èyí tí fíìmù ọdún 1974 wà nínú rẹ̀?

Nígbà tó yá, kò sí ilé tó lè gba ẹrù náà mọ́. Vivian háyà yàrá ní ilé ìkẹ́rùsí, ibi tí wọ́n ti ń gba owó lóṣooṣù. Ọjọ́ ogbó dé, owó kò tó ná. Àwọn ọmọ Gensburg tó tọ́ ló rántí oore, àwọn ló ń bá a san owó ilé tó ń gbé ní Rogers Park, nítòsí adágún Michigan. Ní tòótọ́, ọmọ tó tọ́ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹrù kan wà níbì kan tí owó rẹ̀ ti ń wọ gbèsè. Ní 2007, wọ́n lu ẹrù náà ní gbàǹjo.

John Maloof wà lára àwọn tó rà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń wá àwòrán àtijọ́ fún ìwé tó ń kọ lórí àdúgbò Portage Park ní Chicago. Páálí tó rà ní nǹkan bíi 30,000 nẹ́gátíìfù, ìyẹn àwòrán orí fíìmù tí wọ́n ti fọ̀, nínú, owó tó sì san jẹ́ nǹkan bíi 400 dọ́là. Kò rí ohun tó wúlò fún ìwé rẹ̀ níbẹ̀, ó gbé e tì. Nígbà tó yá tó tún un wò, ojú rẹ̀ là. Ó rí orúkọ Vivian Maier lára àpòòwé kan, ó wá orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkéde ikú ló rí. Vivian ti yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ní ìparí ọdún 2008, ó fi orí gbá ilẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 83. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ìkéde náà fi ṣáájú Maloof.

Ẹ wo bó ṣe sún mọ́ra tó. Láti ọjọ́ gbàǹjo títí di ọjọ́ tó ṣubú, obìnrin náà wà láàyè. Àwọn aládùúgbò ń rí i níbi tó máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì létí adágún. Nínú ìlú kan náà ni àwọn àjèjì ti ń tú páálí rẹ̀.

Ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Lọ́dún 2009 kan náà ni Maloof gbé díẹ̀ nínú àwọn fótò náà sórí Flickr, ìkànnì tí wọ́n ti ń pín fótò, ariwo sì ta. Àwọn onímọ̀ ń kà á mọ́ àwọn àgbà ayàwòrán ìgboro. Fíìmù tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀, Finding Vivian Maier, jáde ní 2013, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du Oscar ní 2015. Vivian kò jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Kò bímọ, kò kọ ìwé ìhágún. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tó ra nẹ́gátíìfù kò ra ẹ̀tọ́ àtitẹ àwòrán inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀tọ́ yẹn ṣì jẹ́ ti ayàwòrán àti ajogún rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nítorí náà, ní 2014, ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́, wọ́n ń wá ìbátan rẹ̀ kiri ní Faransé, àwọn aláṣẹ Cook County, tí Chicago wà nínú rẹ̀, sì gba àkóso ogún náà.

Àwọn kan á ní bóyá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà kan wà tó kọ sí ẹnìkan tó ń tẹ fótò ní abúlé ìyá rẹ̀, tó ń béèrè bóyá yóò lè bá òun tẹ díẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́ òótọ́, ìyà kan náà ló jẹ ẹ́. Bó bá fẹ́ kí wọ́n rí i, ojú rẹ̀ kò bá a. Bó bá fẹ́ kó pamọ́, gbogbo ayé ló rí i. Ẹni tó bá fi ìpinnu rẹ̀ sínú páálí, gbàǹjo ló máa bá a ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹlòmíràn wé e. Jamie Livingston, ọmọ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fótò kan ṣoṣo lójúmọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1979, nígbà tó wà ní Bard College. Kámẹ́rà Polaroid ló lò. Irú fótò bẹ́ẹ̀ kò nílò yàrá òkùnkùn: ìwé á yọ jáde, àwòrán á hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn. Ó ṣe é títí di ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1997, ọjọ́ tí kókó inú ọpọlọ pa á, ọjọ́ náà gan-an ló sì pé ọdún 41. Nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, wọn kò jẹ́ kó sọnù. Hugh Crawford àti Betsy Reid kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Bard College ní 2007. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ta ti Vivian ní gbàǹjo.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé fótò yíyà nìkan kò tíì parí iṣẹ́ ọjọ́ kan. Fóònù ọwọ́ wa ń tàn wá jẹ lórí èyí. A rò pé Polaroid ló wà lọ́wọ́ wa, nítorí a ń rí àwòrán lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ róòlù àìfọ̀ ni. Bí fóònù bá já sómi ní ọjọ́ tí ẹ ń kẹ́rù, tàbí tí olè kan bá gbé e lọ ní gáréèjì, fótò ọdún mẹ́ta lè lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kó ilé ni èyí máa ń ṣe jù, nítorí ìgbà yẹn ni íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì sí nílé, tí kọ̀ǹpútà ṣì wà nínú páálí.

Nítorí náà, kí ẹ tó so kọ́tìnnì ilé tuntun, ẹ wá igun kan fún iṣẹ́ náà: ibi tí ṣájà máa wà, ibi tí ẹ ó ti máa da fótò sórí kọ̀ǹpútà tàbí Google lálẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú ilé mọ ibi tó wà àti bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Bí ilé tuntun kò bá sì gba gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nílé àtijọ́, ẹ dín in kù láìtijú. Fótò kan tí ẹ yà lónìí, tí ẹ tọ́jú síbi méjì lónìí, sàn ju ọgbọ̀n tí ẹ ń dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ máa dilẹ̀ lọ.