Ọ̀bàrà Méjì: Elégédé Tí A Kò Tíì Là

 

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin bíríkìlà kan wá bá mi nílé níbí, ní Ìyìn. Ojú iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ láti Adó, sìmẹ́ǹtì ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, rédíò ń sọ pé ọrọ̀ ajé ti ń gbérí. Ṣé ọ̀dọ̀ tèmi nìkan ni kò dé ni?" Mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀bàrà Méjì ló yọ.

Bí àwọn tó kọ́ mi ṣe pa ìtàn rẹ̀ nìyí. Àwọn Odù tó kù lọ sí ààfin Olófin. Wọn ò pe Ọ̀bàrà, torí òtòṣì ni. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Olófin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní elégédé. Inú bí wọn: ṣé elégédé lásán ló yẹ kí ọba fi ta èèyàn lọ́rẹ? Ebi ń pa wọ́n lọ́nà, wọ́n bá yà sílé Ọ̀bàrà. Ìwọ̀nba oúnjẹ tó wà nílé, òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé e kalẹ̀ fún wọn. Wọ́n jẹun tán, wọ́n da elégédé sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n lọ. Ìgbà tí Ọ̀bàrà là á kó lè rí nǹkan sè, owó àti ìlẹ̀kẹ̀ ló bá nínú rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọrọ̀ ti kúrò láàfin, ó ti wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn ò là á, ẹrù lásán ló jẹ́.

Elégédé tiwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí kò tó ₦200 nígbà náà ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. NBS, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ní ọ̀wọ́n gógó jẹ́ 34.80% ní oṣù Kejìlá 2024. Wọ́n tún ọ̀nà ìṣirò náà ṣe ní 2025. Nígbà tó fi di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ní ó ti wálẹ̀ sí 18.02%.

Àmọ́ ẹ má ṣì í gbọ́ o. Pé ọ̀wọ́n gógó wálẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ọjà wálẹ̀. Bí ọjà ₦1,000 bá fi 34.80% wọ́n sí i, ó di ₦1,348. Bó bá tún fi 18% wọ́n sí i lọ́dún kejì, ó di nǹkan bí ₦1,590. Ó ṣì ń gòkè, eré rẹ̀ ló dín kù.

Owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000 ní oṣù Keje 2024. Ìyẹn dáa. Ta ló wá ń san owó oṣù fún bíríkìlà, fún alágbàṣe, fún ẹni tó ń ru ẹrù l'Ọ́jà Ọba? Ẹnu ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọn ni owó tiwọn wà.

Ibi tí Ifá ti mú mi gan-an nìyí. Mo ní oko kòkó díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan ò tó $3,000 lọ́jà àgbáyé; ní oṣù Kejìlá 2024, ó ti kọjá $12,000. Ara tu àwa tá a ní kòkó. Mo tún òrùlé ṣe. Àmọ́ alágbàṣe tó ń ká kòkó náà, tó ń là á, iye tí mò ń fún un kí epo tó wọ́n náà ni mò ń fún un lọ. Kò bèèrè, èmi náà ò sọ. Nígbà tí owó kòkó wá já wálẹ̀ ní 2025, kíá ni mo sọ fún un pé nǹkan ò rọgbọ. Ọmọ bíríkìlà rò pé òun ni Ifá ń bá wí. Èmi ni.

Tá a bá rúbọ, a máa ń pín in: ti Èṣù wà, ti awo wà, ti àwọn tó péjọ wà. Ọrọ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sì ní sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó jókòó máa retí elégédé. Ọ̀bàrà gan-an, ó mú ọ̀bẹ. Mo ní kí ọmọ náà rú ẹbọ rẹ̀, kí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fohùn ṣọ̀kan lórí owó iṣẹ́ òòjọ́, kí ẹnikẹ́ni má yọ́ lọ gba ohun tó kéré sí i.

Èmi náà ní ẹbọ tèmi. Mo pe alágbàṣe mi, mo fi kún owó rẹ̀, mo san díẹ̀ lára gbèsè ọdún tó ti kọjá. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o?" Ìbéèrè yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba èèyàn síṣẹ́, ìgbà wo lẹ fi kún owó wọn gbẹ̀yìn? Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ti dáa, ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́.

Kí Ifá jẹ́ kí ire tó jáde láàfin dé ilé Ọ̀bàrà. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.