Ibi Tí Ọlá Àwòrán Ń Lọ: Elvis Lórí Pákó Nínú Iṣẹ́ Howard Finster

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí ó ti pẹ́ jù lọ nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn ni ìbéèrè nípa ibi tí ọlá tí ènìyàn bù fún àwòrán ń lọ, nítorí pé ẹni tí ó tẹrí ba níwájú pákó tí a kùn ní ọ̀dà lè máa bu ọlá fún pákó náà fúnra rẹ̀, ó lè máa bu ọlá fún ẹni tí a yà sí i lára, ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíràn tí kò sí nínú àwòrán náà rárá ni ọkàn rẹ̀ ń bá lọ. Àwọn Kristẹni ìgbà àtijọ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó jẹ́ pé Jésù, ìyá rẹ̀, àwọn áńgẹ́lì àti àwọn ẹni mímọ́ ni wọ́n ń yà sórí pákó. Ní ọ̀rúndún ogún, oníwàásù kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà mú ìbéèrè náà le sí i, nítorí pé òun ń ya olórin, olóṣèlú àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́ àwọn áńgẹ́lì, ó sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní iṣẹ́ mímọ́. Howard Finster ni orúkọ ọkùnrin náà, ìdáhùn tí ó wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó rà á láti fi ṣe ilé lẹ́ṣọ̀ọ́ ti mọ̀ lọ.

Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ ọba Bisantíọ̀mù ní ọ̀rúndún kẹjọ, nígbà tí àwọn olú-ọba tí ó wà ní Kọnsitantínópù pàṣẹ pé kí a kó àwòrán mímọ́ kúrò nínú ilé ìsìn, ni ó bí àlàyé tí ó lágbára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Jòhánù ará Damásíkù, mọ́ńkì tí ó ń gbé lábẹ́ ìjọba àwọn Mùsùlùmí níbi tí ọwọ́ olú-ọba kò ti lè tó o, kọ ìwé mẹ́ta láti fi gbèjà àwòrán, ìgbìmọ̀ gbogbo ìjọ tí ó jókòó ní Níséà ní ọdún 787 sì gba ọ̀nà kan náà lọ. Wọ́n ya ìjọsìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìjúbà: ìjọsìn ni èyí tí ó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan, tí ẹ̀dá kankan kò gbọdọ̀ bá a pín, ìjúbà sì ni ọ̀wọ̀ tí a lè fún ẹni mímọ́, àgbélébùú tàbí Ìwé Ìhìnrere. Ìjúbà tí a ṣe fún àwòrán, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ náà ti là á sílẹ̀, kì í dúró lára pákó, ṣe ni ó ń kọjá lọ bá ẹni tí àwòrán náà gba ìrísí rẹ̀. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn ayàwòrán ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì fi ń ṣiṣẹ́ wọn títí di òní, tí wọ́n ń fi ẹfun tẹ́ ojú pákó, tí wọ́n ń po àwọ̀ mọ́ pupa ẹyin, tí wọ́n sì ń gbàdúrà bí wọ́n ti ń kùn ún.

Àlàyé yìí lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó rọ̀ mọ́ ohun kan tí a kì í sábà sọ síta, ìyẹn ni pé ẹni tí a yà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọlá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìṣìnà. Bí ọlá bá dé ọ̀dọ̀ Màríà, ìgbàgbọ́ ìjọ ni pé Màríà yóò darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ olórin bí Elvis Presley ńkọ́?

Ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí Finster ti ṣe pásítọ̀ nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Òfin inú Ẹ́kísódù orí 20 tí ó ka yíyá ère léèwọ̀ ni wọ́n dì mú, ìyẹn ni wọ́n kì í fi í gbé àwòrán mímọ́ kọ́ sára ògiri ilé ìsìn wọn, wọ́n sì gbà pé etí tí ń gbọ́ Ọ̀rọ̀ ni ìgbàgbọ́ ń gbà wọlé. Àwọn Yorùbá mọ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa, nítorí pé ọmọ Georgia kan náà ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1850, ẹ̀kọ́ tí òun àti àwọn míṣọ́nárì mìíràn gbìn sì wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé kó ère ilé wọn dànù. Inú ẹ̀kọ́ tí ó le báyìí ni Finster ti jáde wá. Ìlú Valley Head ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1916, nínú ìdílé ọlọ́mọ mẹ́tàlá. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ó ti ń wàásù, ó darí àwọn ìjọ kéékèèké ní Alabama àti Georgia fún ọ̀pọ̀ ọdún, títún kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ ṣe sì wà lára iṣẹ́ tí ó fi ń bọ́ ìdílé rẹ̀. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ó yí òun lérò padà ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ó bi ìjọ léèrè ohun tí òun wàásù lé lórí ní òwúrọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó rántí. Ìbéèrè ìrọ̀lẹ́ náà ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ lóye gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó fi hàn pé ìkùnà ọ̀rọ̀ ni ó gbé e dé ìdí àwòrán, tí kì í ṣe ìfẹ́ àwòrán fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1976, bí ó ti ń fi ìka kun kẹ̀kẹ́ kan tí ó ń tún ṣe, ó rí ojú ènìyàn nínú ọ̀dà tí ó kù sí orí ìka rẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn kan tí ó ní kí ó máa ya àwòrán mímọ́. Ó kọ́kọ́ jiyàn pé òun kò kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ó yọ dọ́là kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ya ojú George Washington tí ó wà lára owó náà sórí ègé pákó kan. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé Plato, onímọ̀ Gíríìkì tí ó sọ nínú apá kẹwàá ìwé rẹ̀ nípa ìlú pé àfarawé àfarawé ni iṣẹ́ ayàwòrán, yóò rí i pé Finster tún sọ̀kalẹ̀ sí i, nítorí pé àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà ni wọ́n tẹ̀ sára owó kí òun tó tún un yà. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé nígbà tí a pàṣẹ iṣẹ́ mímọ́ fún un, ojú tí ó wà lára owó ni ó kọ́kọ́ mú, bẹ́ẹ̀ ni Ìwé Mímọ́ tí ó ń wàásù rẹ̀ fi Ọlọ́run àti owó ṣe ọ̀gá méjì tí ẹnìkan kò lè sìn pọ̀. Síbẹ̀ dọ́là náà ní ohun kan tí ó dà bí ẹni pé ó kọ́ ọ ní ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀: láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Ọlọ́run sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ojú gbajúmọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ti jọ wà lára ìwé kan kí Finster tó so wọ́n pọ̀ lára pákó.

Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, iye iṣẹ́ tí ó ṣe ju 46,000 lọ, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ń kọ nọ́ńbà sára iṣẹ́ rẹ̀ ní títẹ̀léra. Páìwúùdù ni ó sábà ń lò, yálà ní onígun mẹ́rin tàbí kí ó fi ayùn gé e ní ìrísí ẹni tí ó fẹ́ yà. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun katakata ni ó ń fi kùn ún, nítorí pé ọ̀dà náà máa ń dán, oòrùn àti òjò kì í sì í tètè bà á jẹ́. Lẹ́yìn tí ọ̀dà bá gbẹ, ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí ibikíbi tí àyè bá wà: ẹsẹ Bíbélì, ìkìlọ̀ nípa ọ̀run àpáàdì, ìmọ̀ràn fún àwọn ọ̀dọ́, ìtàn ayé ara rẹ̀. Abraham Lincoln, Henry Ford, Hank Williams àti Mona Lisa wà lára àwọn tí ó yà. Nínú ọgbà rẹ̀ tí a ń pè ní Paradise Garden, ní Pennville lẹ́bàá ìlú Summerville, àwọn iṣẹ́ yìí dúró láàrín ère símẹ́ǹtì àti àwókù ẹ̀rọ, tí àlejò kò fi lè mọ ibi tí nǹkan ẹ̀sìn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí.

Elvis ni ojú tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn, èyí tí wọ́n sì mọ̀ dunjú ni Elvis ọmọ ọdún mẹ́ta, tí a gé ní ìrísí ọmọdékùnrin tí ó dé fìlà. Yíyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọdún mẹ́ta ni Finster fúnra rẹ̀ sọ pé òun wà nígbà tí òun kọ́kọ́ rí ìran, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó ti kú, Abbie Rose, sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ó sì rọrùn láti gbà pé nínú èrò rẹ̀ ọjọ́ orí yẹn ni ọkàn ọmọ ṣì ṣí sí ohun tí ojú lásán kò rí. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí òǹkàwé Yorùbá kò lè fojú fò dá. Ìbejì ni Elvis. Nígbà tí wọ́n bí i ní Tupelo ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1935, arákùnrin rẹ̀ Jesse Garon ti kọ́kọ́ jáde wá ní òkú, èyí tí ó fi jẹ́ pé ní ilẹ̀ Yorùbá Jesse ni ìbá jẹ́ Táyé, tí Elvis ìbá sì jẹ́ Kẹ́hìndé. Àwọn òbí wọn, bí wọ́n bá jẹ́ Yorùbá ìgbà náà, ì bá lọ bá agbẹ́gilére kí ó gbẹ́ ère ìbejì fún èyí tí ó kú, ìyá ì bá sì máa wẹ̀ ẹ́, kí ó máa fi osùn pa á lára, kí ó máa fún un ní oúnjẹ, kí ó sì máa wọ aṣọ fún un, kí inú ẹ̀mí ọmọ náà lè dùn kí ó má sì pe èyí tí ó kù láyé. Agbẹ́gilére Yorùbá a máa gbẹ́ ọmọ ọwọ́ tí ó kú ní ìrísí àgbàlagbà, tòun ti ọmú tàbí irùngbọ̀n, nígbà tí Finster gbé àgbàlagbà tí ó kú ní ọdún 1977 padà sí ọmọ ọdún mẹ́ta. Finster kò ti ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá kọ́ṣẹ́, àmọ́ gbígbé iṣẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn mú kí ohun tí ó ya pákó tirẹ̀ sọ́tọ̀ hàn kedere.

Ère ìbejì ń gbà. Ìtọ́jú ìyá, oúnjẹ, omi, orin àti ìkẹ́ ń ti ọ̀dọ̀ alààyè lọ sí ọ̀dọ̀ igi, láti ọ̀dọ̀ igi lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò sí mọ́, a sì lè rí ipa ìfẹ́ náà lára ojú ère tí ọwọ́ ti fọ̀ títí ó fi dán bọ̀rọ́. Àwòrán mímọ́ ti Níséà pẹ̀lú ń gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó gbèjà rẹ̀ kì í fẹ́ kí a fi wé igi tí a ń bọ́, nítorí pé ìfẹnukò, fìtílà àti tùràrí ń ti ọ̀dọ̀ olùjọsìn lọ síbẹ̀. Elvis orí páìwúùdù kò gba nǹkan kan. Kò sí ẹni tí Finster ní kí ó tan àbẹ́là fún un, kò sí àdúrà tí a ń gbà sí i. Òun ni ó ń bá ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀, nípasẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a kọ kún ara rẹ̀ láti ọrùn dé bàtà. Níbi tí gbogbo àríyànjiyàn àtijọ́ ti ń béèrè ibi tí ọlá ń gbà lọ láti ara ènìyàn, Finster yí ìrìn náà padà, ó sì ń béèrè ohun tí ń ti ara pákó bọ̀ wá bá ènìyàn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kò pọn dandan mọ́ pé kí ẹni tí a yà jẹ́ mímọ́, ó tó kí ó jẹ́ ẹni tí gbogbo ojú mọ̀, nítorí pé ojú tí a mọ̀ ni ó ń dá ẹsẹ̀ ẹni tí ń kọjá lọ dúró títí yóò fi ka ohun tí a kọ. Finster tilẹ̀ sọ pé Elvis fara han òun lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì gbà pé Ọlọ́run lè rán olórin níṣẹ́; síbẹ̀ ìgbàgbọ́ yẹn kọ́ ni ó ń sọ pákó náà di mímọ́.

Àtakò kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ra iṣẹ́ Finster, Elvis ni wọ́n rà. Nígbà tí ó ya àwòrán iwájú àwo orin *Little Creatures* ti ẹgbẹ́ olórin Talking Heads ní ọdún 1985, ó fi ayọ̀ ṣírò pé ẹsẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn 26 wà lára rẹ̀, àti pé bí àwo náà bá tà ní mílíọ̀nù kan, mílíọ̀nù 26 ẹsẹ ni ó ti jáde lọ sínú ayé. Ìṣirò náà péye, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ jáde àti ọ̀rọ̀ tí ó wọ ọkàn kì í ṣe ohun kan náà, ìjọ tí kò rántí ìwàásù òwúrọ̀ ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yẹn tẹ́lẹ̀. A lè sọ nígbà náà pé ṣe ni ó kàn gbé ìgbàgbé kúrò nínú etí lọ sínú ojú. Ìdáhùn tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ni pé pákó ní sùúrù tí ohùn oníwàásù kò ní: ẹni tí ó rà á nítorí Elvis yóò máa rí i lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ tí kò kà lọ́dún yìí yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ìyọnu bá dé, nígbà tí àìsùn bá mú kí ó dojú kọ ògiri. Ìdáhùn yìí lágbára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrètí ni, tí kì í ṣe ẹ̀rí.

Nọ́ńbà tí ó ń kọ sára iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí àwọn aṣelámèyítọ́ kan ti rò, àwọn tí wọ́n ń fi í ṣe àmì pé iṣẹ́ rẹ̀ ti di ọjà. Òtítọ́ ni pé ó ní bátànì tí ó fi ń fa ìlà Elvis kan náà léraléra, àti pé àwọn ará ilé rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ ní ọdún ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ère tí a ń sìn sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tí ó ní ojúbọ tirẹ̀, tí ènìyàn ń rin ìrìn àjò lọ bá. Pákó tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ ìwé ìléwọ́ tí àwọn ajíhìnrere ń pín ní gáréèjì, tí kò sí ẹni tí ń wólẹ̀ fún un nítorí pé òmíràn wà lọ́wọ́ ẹnìkejì.

Ibi tí ewu gidi wà ni ibi tí Finster fúnra rẹ̀ ti di gbajúmọ̀. Ó jókòó lórí ètò Johnny Carson lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1983, iṣẹ́ rẹ̀ dé ìpàtẹ ńlá ti ìlú Venice ní ọdún 1984, ó ń pe ara rẹ̀ ní aríran, ó sì ń gé ojú ara rẹ̀ sórí pákó gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gé ti Elvis. Oníwàásù tí ó fi ara rẹ̀ ṣe àwòrán yẹ ní ẹni tí a ń bi léèrè gan-an, nítorí pé níbí ni ọlá ti lè gbàgbé ọ̀nà tí ó kù kí ó sì dúró sọ́dọ̀ ìránṣẹ́. Ohun tí a rí lára àwọn pákó náà ni pé ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ òfin tí ó fi Elvis sí: ó ti orúkọ ara rẹ̀ sínú nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú áńgẹ́lì àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó sì kọ ọ̀rọ̀ bo kóòtù ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ wo Howard Finster ní láti kọ́kọ́ ka Bíbélì kọjá.