Tí Wọ́n Bá Yọ Ọ́ Lójú Agbo

Ní alẹ́ ọjọ́ 8, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2018, ní ìlú Atlanta, wọ́n yọ ọmọ ọdún 19 kan kúrò nínú eré lójú gbogbo Amẹ́ríkà. Jalen Hurts lorúkọ ẹ̀. Àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì ni. Georgia ti fi ayò 13 sí òdo ṣáájú Alabama nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Nígbà tí wọ́n padà dé, Nick Saban, kóòṣì Alabama, ní kí Hurts jókòó, kí Tua Tagovailoa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lọ́dún náà bọ́ sípò ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà: ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá tiwọn ju ẹsẹ̀ lọ. Quarterback lẹni tí bọ́ọ̀lù máa ń gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá tí àsìkò bá kan ikọ̀ ẹ̀ láti wá ayò. Òun ló máa pinnu bóyá kóun jù ú, kóun fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, tàbí kóun gbé e sáré fúnra òun. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wà nípò yẹn. Tí kì í bá ṣe ìwọ, orí bẹ́ǹṣì lo wà. Kò sí àárín.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni Hurts o. Ọdún 2016 ló wọ Alabama láti Channelview, lẹ́bàá Houston ní Texas, níbi tí bàbá ẹ̀ ti jẹ́ kóòṣì ilé-ìwé girama. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, nígbà tí wọ́n pàdé USC, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kàn án bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kó tó di pé eré ọjọ́ náà parí, ó ti ju méjì tó di ayò, ó sì ti gbé méjì sáré wọlé fúnra ẹ̀. Alabama na USC ní 52 sí 6. Látọjọ́ yẹn, òun ló ń bẹ̀rẹ̀ eré. Nínú àṣekágbá oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2017, nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú méjì, ó sáré yáàdì 30 láti fi Alabama síwájú Clemson. Clemson gba ayò tiwọn nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì gba ife lọ. Kí alẹ́ Atlanta tó dé, nínú eré 27 tí òun bẹ̀rẹ̀ fún Alabama, méjì péré ni wọ́n pàdánù.

Wọ́n ṣì yọ ọ́. Tua wọlé, eré sì yí padà. Ẹni tí ń tapá fún Alabama tàsé èyí tí ì bá parí eré, ni wọ́n bá lọ sí àfikún àsìkò. Níbẹ̀, wọ́n mú Tua mọ́lẹ̀, wọ́n sì pàdánù yáàdì 16. Bó ṣe dìde báyìí, ó ju bọ́ọ̀lù yáàdì 41 sí DeVonta Smith. Alabama 26, Georgia 23. Inú gbogbo ènìyàn ń dùn. Hurts náà ń bá wọn yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó sì kí Tua kú oríire.

Ìbéèrè tí mo ti ń gbé kiri láti bí ọdún mélòó kan nìyí: kí lẹni tí wọ́n yọ lójú agbo jẹ àwọn tó yọ ọ́ ní gbèsè? Ṣé kó dúró ni, àbí kó máa lọ?

Mo ní ìdí tí mo fi ń bèèrè. Kóòdù ni mo ń kọ jẹun. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo wà tẹ́lẹ̀, èmi ni mo ń darí iṣẹ́ ètò ìsanwó kan fún oṣù 14. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, lórí ìpè tí àwa mọ́kànlá wà, ọ̀gá wa ní ẹlòmíì ló máa darí iṣẹ́ náà láti Ọjọ́ Ajé. Ọmọkùnrin tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́ ni. Mo pa kámẹ́rà mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kọ lẹ́tà ìfipòsílẹ̀, mi ò sì fi í ránṣẹ́. Mo pe màmá mi. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn." Ó bí mi nínú díẹ̀. Ẹni ọdún 31 ni mí nígbà yẹn. Èwo ni mo jẹ́ nínú méjèèjì?

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ yẹn parí iṣẹ́ náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀gá wa ò ṣìnà.

Àbí ó ṣìnà? Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ pé kóòdù tó ṣiṣẹ́ lónìí kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpinnu. Ká ní Tua tún ṣubú lẹ́yìn yáàdì 16 yẹn, tí Georgia sì gbé ife lọ, Saban kan náà ni wọn ì bá máa pè ní wèrè lọ́jọ́ kejì. Ohun tó mọ̀ nígbà ìsinmi ló yẹ ká fi dá a lẹ́jọ́: wọn ò tíì gba ayò kankan, yáàdì 21 péré sì ni bọ́ọ̀lù tí Hurts jù ti rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ìpinnu náà mọ́gbọ́n dání, yálà wọ́n borí tàbí wọn ò borí. Ó sì tún dun ọmọ náà. Pé ó tọ́ kò sọ ìrora ẹ̀ di irọ́, pé ó dun ọmọ náà kò sì sọ ọ́ di ìwà ìkà.

Ọ̀rọ̀ wá kan dídúró tàbí lílọ. Lọ́dún 2018 kan náà, irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí Kelly Bryant ní Clemson. Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ eré 18, ó sì ti borí nínú 16. Lẹ́yìn eré mẹ́rin ní sáà yẹn, wọ́n fi ipò náà fún Trevor Lawrence, ọmọ tuntun. Òfin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún náà pé ẹni tí kò bá gbá ju mẹ́rin lọ lè má jẹ́ kí wọ́n ka ọdún yẹn mọ́ ọn lára. Bryant kó ẹrù ẹ̀, ó lọ. Hurts ní tiẹ̀ kọjá mẹ́rin, ó gbá ìkarùn-ún, ó dúró ti Alabama sẹ́yìn Tua.

Mo mọ èyí tí àwa Yorùbá máa yìn. A fẹ́ràn sùúrù. Kíá la máa ní Hurts lọmọlúàbí, Bryant sì sá. Mi ò fara mọ́ ọn. Nígbà yẹn, òfin ò gbà kí wọ́n san owó oṣù fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì. Sìkọ́láṣípù ni wọ́n ń rí, nígbà tí àwọn kóòṣì ńlá ń gba mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Kóòṣì lo òmìnira tiẹ̀ láti yan ẹlòmíì. Kí ló dé tí ọmọ ò lè lo tiẹ̀? Ẹni tí wọ́n ní ó lè máa sinmi kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àtidúró. Ẹ má sì gbàgbé pé Clemson gba ife lọ́dún náà láìsí Bryant. Wọ́n na Alabama gan-an ní 44 sí 16.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ọjọ́ 1, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2018 ńkọ́? Pápá Atlanta kan náà, Georgia kan náà, ife líìgì SEC. Tua farapa lọ́rùn ẹsẹ̀. Hurts wọlé nígbà tí Georgia ṣì wà níwájú, 28 sí 21. Ó ju ayò kan sí Jerry Jeudy, ó sì gbé bọ́ọ̀lù sáré yáàdì 15 fún èyí tó parí ẹ̀. 35 sí 28. "Ẹ ò rí i? Sùúrù lérè!"

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ká ní ẹsẹ̀ Tua ò yẹ̀, ọjọ́ yẹn ì bá má wáyé. Hurts ì bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá títí wọ́n fi tú ká. Ṣé dídúró ẹ̀ ì bá wá di ìwà òmùgọ̀? Tó bá jẹ́ pé rárá ni ìdáhùn yín, a jẹ́ pé èrè kọ́ ló sọ dídúró ẹ̀ di ohun tó dáa. Oríire ni ẹsẹ̀ ẹlòmíì tó yẹ̀. Pé Hurts mọ bọ́ọ̀lù jù nígbà tí wọ́n pè é kì í ṣe oríire. A ní sáfà kejì níbi iṣẹ́ tí kò ní í ṣe nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. A ṣì ń tọ́jú ẹ̀, a sì ń dán an wò, torí ọjọ́ tí èkíní bá kú, kò sí àyè láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa múra. Àwọn ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó ń wo Hurts ni mo fi ń yìn ín.

Òun náà sì lọ ní ìgbẹ̀yìn. Ó gba oyè yunifásítì ẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ yẹn kan náà, oyè yẹn ló sì jẹ́ kó lè gbá bọ́ọ̀lù ní Oklahoma lọ́dún tó tẹ̀ lé e láìjókòó ọdún kan. Ó ṣe ipò kejì nínú ìdìbò Heisman, Joe Burrow ló ṣáájú ẹ̀. Nítorí náà, bí Bryant ṣe lọ ni Hurts náà ṣe lọ. Dídúró àti lílọ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé: irú ènìyàn wo ni mo jẹ́ ní gbogbo àsìkò tí mo ṣì wà níbẹ̀?

Èmi dúró oṣù mẹ́sàn-án. Kò sí ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ kankan fún mi. Ara ọmọ yẹn le, kò sẹ́ni tó pè mí pé kí n wá gba iṣẹ́ là. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rántí pé àlébù kan wà nínú kóòdù tí mo kọ: tí báńkì bá pẹ́ dáhùn, a lè dá owó padà fún oníbàárà kan lẹ́ẹ̀méjì. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Tí mo bá dákẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún gbogbo ènìyàn ló máa bú, orí ọmọ yẹn ló sì máa bú sí. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà fún bí wákàtí méjì. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ òótọ́ ni: mo fẹ́ kó bú.

Ní aago mọ́kànlá alẹ́, mo kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú bó ṣe lè tún un ṣe. Ó fèsì pé, "Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n." Ó tán. Ọ̀gá wa ò gbọ́ sí i títí mo fi kúrò.

Mi ò mọ̀ bóyá iwájú ni mo wò lálẹ́ yẹn tàbí ẹ̀yìn. Àmọ́ nígbà tí mo fi ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, mi ò sá lọ. Tí wọ́n bá yọ ẹ̀yin náà lójú agbo lọ́jọ́ kan, ẹ lè dúró, ẹ sì lè máa lọ. Ẹ ò jẹ̀bi èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ sọ ibi tí àlébù wà fún ẹni tó gba ipò yín.