Ìgbátí Òrùlé: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú lórí Èéfín Ọkọ̀

Ibi ìkàwé wa: Deutarónómì 22:8

Òfin kan ń bẹ nínú ìwé Mósè tí àwọn oníwàásù kì í sábà mú lò. Mósè pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ènìyàn má baà ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀jẹ̀ olúwarẹ̀ má sì wà lórí ilé náà. Òrùlé pẹrẹsẹ ni ti ilẹ̀ wọn. Orí rẹ̀ ni Ráhábù sá ọ̀gbọ̀ sí, orí rẹ̀ ni Pétérù gùn lọ gbàdúrà ní Jópà. Ẹ kíyèsí i pé òfin náà kò bèèrè bóyá onílé ní èrò búburú sí ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ ènìyàn rere tí ń san ìdámẹ́wàá rẹ̀, tí ó sì ń ṣe àlejò tọwọ́tẹsẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ aládùúgbò bá ti orí òrùlé tí kò ní ìgbátí já bọ́, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn ilé náà. Bákan náà ni ti ẹni tí ó gbẹ́ kòtò tí kò sì bò ó, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sí Ẹ́kísódù 21.

Òfin yìí ni a fẹ́ fi díwọ̀n èéfín tí ń jáde lára ọkọ̀ wa.

Ẹni tí ó bá ti dúró ní Oṣòdì tàbí ní Ọ̀jọ́ta rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ mọ èéfín tí à ń wí. Ṣùgbọ́n èyí tí ojú ń rí kọ́ ni ó burú jù. Eruku kan wà nínú rẹ̀ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè to nǹkan bí 30 rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó ẹyọ irun orí kan. Irun imú kò lè dá a dúró, ikọ́ kò sì lè lé e jáde. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń lọ, láti ibẹ̀ ni díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń mú ikọ́ fée le sí i, ó ń dá kún àìsàn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ lára àgbà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọwọ́ jẹ́ kí ó tó gbó.

Báǹkì Àgbáyé ṣe ìwádìí ọ̀ràn yìí ní Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ búburú pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn ní ìlú náà láìtọ́jọ́, àti pé nínú ènìyàn 10 tí ó kú bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 6 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 5. Ọkọ̀ ojú pópó ni ó ṣáájú nínú àwọn ohun tí ó fà á. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀ tẹ̀lé e. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ti lé ní ọdún 15, dísù tí wọ́n sì ń jó nígbà náà ní imí-ọjọ́ tó ìlọ́po 200 èyí tí òfin Amẹ́ríkà gbà láàyè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa fi kíláàsì ṣírò iye àwọn ọmọ náà. Bí a bá kó 40 sí yàrá kan, yàrá tí wọn yóò kún lé ní 150.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí níbi ìsìnkú ọmọdé pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra láti máa fi orúkọ Ọlọ́run bo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe.

Ní Lewisham ní London, àgbègbè tí àwọn ọmọ wa tí ó rékọjá òkun kò ṣàjèjì sí, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ella Adoo-Kissi-Debrah. Ilé wọn kò jìnnà sí òpópó ńlá kan tí ọkọ̀ kì í dá lórí rẹ̀. Ikọ́ fée mú un. Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 2013, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tí ń wádìí ikú òjijì dájọ́ pé afẹ́fẹ́ búburú wà lára ohun tí ó pa ọmọ náà. Kò tíì sí ẹni tí a kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ nípa ikú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ǹjẹ́ ta ni ó pa á? Àwọn awakọ̀ tí ń gba òpópó náà kọjá kò mọ̀ ọ́n rí, ibi iṣẹ́ àti ọjà ni wọ́n ń lọ. Onílé tí kò mọ ìgbátí ni gbogbo wọn, àwa náà sì wà nínú wọn.

Nígbà kan, ẹni tí a bá bá wí lè dáhùn pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, nítorí pé ọkọ̀ kò lè rìn láìjó epo. Ìdáhùn náà kò dúró mọ́. Ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná rìn kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń jó epo, kò sì ní ihò tí èéfín yóò gbà jáde. Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìlú ńlá tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ lé ní 16,000, ti sọ gbogbo wọn di oníná ní òpin ọdún 2017. Bí a bá ní ìlú olówó ni ìyẹn, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, ní Kútọnù àti ní Lòmé. Láti nǹkan bí ọdún 2022 ni àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ ti ń gun alùpùpù oníná. Bí bátìrì bá tán, wọn kì í jókòó dè é: wọn a yà sí ibùdó, wọn a sọ èyí tí ó tán kalẹ̀, wọn a gba èyí tí ó kún, wọn a sì máa bá iṣẹ́ lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ni àwọn wọ̀nyí. Ní Èkó pàápàá, a kó bọ́ọ̀sì oníná àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2023, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pọ̀.

Ẹnìkan yóò bi wá léèrè pé, “Iná tí a kò rí tan ìmọ́lẹ̀, ṣé òun ni a ó fi wa ọkọ̀?” Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní fi ẹ̀rín lé e lọ. Ẹni tí ó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ kún bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ kàn ṣí èéfín kúrò ní ojú pópó wá sí ẹ̀yìnkùlé ni. Ṣùgbọ́n gáàsì àti omi odò, gẹ́gẹ́ bí ti Káínjì, ni a fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná ìjọba. Bí èéfín bá sì wà níbẹ̀, kì í ṣe iwájú imú ọmọ ilé ìwé ni ó ń tú sí. Oòrùn sì ń bẹ, tí kò bèèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ti ìnáwó, nínú epo bẹntiróòlù tí a bá fi 100 náírà rà, bóyá ni ti 25 fi ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ìyókù di ooru. Nínú iná tí ó wọ bátìrì, ó lé ní ti 70 tí ń ṣe iṣẹ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí awakọ̀ tí kò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ohun tí ó wọ́n ni owó tí a ó kọ́kọ́ fi ra ọkọ̀ náà, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wa ti lè ran àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà lọ́wọ́.

Kí a má sì ṣe purọ́ gbe òtítọ́. Táyà ọkọ̀ oníná pẹ̀lú ń tu eruku. Kóbáltì tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bátìrì ń ti ilẹ̀ Kóńgò wá, a sì ti bá ọmọdé nínú kòtò tí wọ́n ti ń wà á. Ó yẹ kí ẹni tí ń rà máa bèèrè ibi tí bátìrì rẹ̀ ti wá. Ní tiwa, ọkọ̀ tí ń sáré láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ di oníná, èyíinì ni dánfó, bọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti alùpùpù. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ oníná kí àwọn ènìyàn lè yí i ká wò ní ọgbà ìjọ, ó ti gba èrè tirẹ̀ ná.

A ti ṣe irú àyípadà yìí rí. Nígbà kan, òjé ni a ń pò mọ́ epo bẹntiróòlù, ó sì ń ba ọpọlọ àwọn ọmọ wa jẹ́. Nígbà tí a ní kí a yọ ọ́, àwọn kan bẹ̀rù pé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yóò bàjẹ́. Nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ti pa á tì, ọkọ̀ kò sì tìtorí rẹ̀ dúró.

Láti ọdún 1990 ni ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ Áńgílíkà gbogbo àgbáyé ti fi ìtọ́jú ẹ̀dá Ọlọ́run ṣe ìkarùn-ún nínú àwọn àmì iṣẹ́ ìránṣẹ́ wa. Nítorí náà, a bẹ àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ tí ń múra láti ra bọ́ọ̀sì pé kí wọ́n bèèrè iye owó ti oníná kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí ìwé. Kò sí ọkọ̀ tí ó yẹ fún un bí ti ìjọ: ọ̀nà rẹ̀ kò jìn, ó sì ń dúró sí ojú kan fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé ńlá tí oòrùn ń pa láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ tí a lè to páńẹ́ẹ̀lì sólà sí.

Èyí gba owó àti àkókò. Àwọn èyí tí kò gba owó ni a fẹ́ kí a ṣe ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀. Kí àwọn olùṣọ́ ọgbà sọ fún gbogbo awakọ̀ pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń dúró de èrò. Kí a sì gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí a ti rí i nínú ju ìjọ kan lọ ní àgbègbè wa yìí.