Ọ̀RỌ̀ TÍ A GBỌ́ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Àṣà tuntun kan wà láàárín wa tí ó yẹ kí a yìn. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé wá sí Misa ní Ẹgbẹ́dá yìí, tàbí tí ẹ ń lọ sí oko, ni ẹ ń fi tẹlifóònù gbọ́ ìwé tí a kà sínú ẹ̀rọ: Ìwé Mímọ́, ìtàn àwọn Ẹni Mímọ́, àti ìwé ọgbọ́n mìíràn. (Kí etí kan ṣáà ṣí sílẹ̀ fún ọ̀kadà.) Ṣùgbọ́n bí a bá bi yín nígbà tí ẹ dé ilé pé kí ni ẹ gbọ́, ìdáhùn náà kì í ju pé, “Ó dára púpọ̀.” Nítorí náà mo bi yín: ọ̀rọ̀ rere tí ó gba etí ọ̀tún wọlé tí ó sì gba ti òsì jáde, ǹjẹ́ a lè wí pé a gbọ́ ọ?

Ẹ wo Antony Mímọ́ ará Íjíbítì, tí ó kú ní ọdún 356. Athanasius Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdríà, ni ó kọ ìtàn ayé rẹ̀. Ó ní Antony ń rìn lọ sí ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ kan, ó sì ń ro bí àwọn Àpọ́sítélì ti fi ohun gbogbo sílẹ̀ tẹ̀lé Olúwa. Bí ó ti wọlé, ó gbọ́ tí a ń ka Ìhìnrere Mátíù orí 19, níbi tí Jésù ti sọ fún ọlọ́rọ̀ kan pé kí ó ta ohun ìní rẹ̀, kí ó sì fi owó náà fún àwọn tálákà. Antony kò dúró de ọ̀la. Ó fi ilẹ̀ tí ó jogún fún àwọn ará abúlé rẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, síbẹ̀ Athanasius jẹ́rìí pé ohun tí a bá kà sí i létí kì í bọ́ sọnù, tó bẹ́ẹ̀ tí ìrántí rẹ̀ fi di ìwé fún un.

Èmi kò gbà pé ọpọlọ rẹ̀ ni ó yàtọ̀ sí tiwa. Ó ń ṣe ọ̀rọ̀ kan kí ó tó wá òmíràn ni. Ní tiwa, orí kan kò tíì tán tí a ti ṣí èkejì, bí ẹni tí ń da àgbàdo sínú apẹ̀rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti lu. Jákọ́bù Mímọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé ẹni tí ó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí, tí ó kúrò níbẹ̀, tí ó sì gbàgbé bí òun ti rí. Kì í ṣe àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ti rà ni ó ń bá wí. Ìyá arúgbó tí kò lè sọ ẹsẹ kan lórí mọ́, ṣùgbọ́n tí ó bu èlùbọ́ ránṣẹ́ sí opó tí ó múlé gbè é, kò gbàgbé ohunkóhun.

Síbẹ̀ ìrántí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Cicero, ará Róòmù, kọ̀wé ní ọdún 55 ṣáájú ìbí Olúwa wa nípa ọgbọ́n kan: kí ènìyàn so ohun tí ó fẹ́ rántí mọ́ ibi tí ojú rẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ẹni tí ń rìn kò ní láti wá ibẹ̀ jìnnà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá gún yín lọ́kàn, ẹ pa ẹ̀rọ náà. Ẹ fi ẹnu ara yín tún un wí. Ẹ so ó mọ́ igi ọ̀pẹ tàbí afárá tí ẹ dé. Nígbà tí ẹ bá tún gba ibẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, igi náà ni yóò bi yín léèrè bí ẹ ti ṣe é, tàbí bí ẹ kò tíì ṣe é.